Òtútù Ọyẹ́ Nínú Ilé Àtijọ́ ní Òkè Jos

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú dé ní oṣù Kejìlá a máa rò pé ọyẹ́ tí òun mọ̀ nílé ni òun yóò bá pàdé. Ọyẹ́ ilé a máa la ètè, a sì máa sán ẹsẹ̀. Ti ìhín ń wọ egungun. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Jos ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà, bẹ́ẹ̀ ni ooru afẹ́fẹ́ a máa dín ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 Celsius fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan tí a bá gòkè. Nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, ọ̀rinrin kò sí nínú afẹ́fẹ́ mọ́, ìkùukùu kò bo ilẹ̀. Gbogbo ooru tí ilẹ̀ àti páànù gbà lọ́sàn-án a fò lọ sókè lóru. Òru mìíràn wà ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní tí ó ń tutù dé ìwọ̀n 10, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ilé gan-an ni ọ̀rọ̀ mi lónìí. Púpọ̀ nínú wa ni ó ń gbé inú ilé tí a ti kọ́ láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwakùsà tánńganran ṣì gbóná: ògiri alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, páànù lórí, àjà tí ó ti jẹrà tàbí tí kò sí rárá, ilẹ̀kùn pákó tí ó ti yẹ̀ kúrò lára férémù rẹ̀, fèrèsé tí gíláàsì rẹ̀ ti ku méjì nínú mẹ́fà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ tura ní oṣù Kẹta. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ajẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí òtútù ṣe ń wọlé. Ooru ara àwọn tí ń sùn a máa gòkè, a sì gba abẹ́ páànù jáde. Bí ó ti ń jáde lókè ni atẹ́gùn tútù ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láti dípò rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí ó sùn sórí ẹní nílẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ jìyà. Ẹ fi okùn òwú tẹ́ẹ́rẹ́ wá ọ̀nà atẹ́gùn náà: ẹ gbé e sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn àti fèrèsé lálẹ́, ibi tí ó bá ti ń mì ni kí ẹ dí. Ẹ rán àpò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn tó ìbú ilẹ̀kùn, kí ẹ ki àkísà tàbí iyanrìn sí i, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi pákó dí ojú gíláàsì tí ó ti fọ́. Láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́, nítorí náà ẹ gbé ibùsùn kúrò ní ìhà náà bí àyè bá wà. Ẹ tẹ́ páálí sí abẹ́ ẹní, nítorí sìmẹ́ǹtì a máa fa ooru ara mu bí ìgbà tí ìyẹ̀pẹ̀ ń fa omi. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì sàn ju ẹyọ kan tí ó nípọn lọ, torí afẹ́fẹ́ tí ó há sí àárín wọn ni ó ń pa ooru mọ́.

Wàyí o, ibi tí ewu wà nìyí. Lẹ́yìn tí a bá ti dí gbogbo ihò tán, àwọn kan a gbé ìkòkò èédú wọ iyàrá. Wọ́n a ní èédú tí ó ti pọ́n kò ní èéfín mọ́, kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀rọ̀ yìí ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di òkú ní ayé. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó a máa pèsè káábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí kì í sì í múni húkọ́. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa gbé ọ́síjìn káàkiri ara a máa dì mọ́ ọn ju bí ó ti ń dì mọ́ ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Ẹni tí ó ń sùn kò ní mọ̀ pé òun ń kú. Ihò ilé àtijọ́ wọ̀nyí, tí a ń bú, ni ó ti ń yọ àwọn kan láìmọ̀. Bí a bá sì ti dí wọn, ìkòkò kan náà tí a gbé wọlé lésìí lè pani lọ́dún yìí. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ni àmì rẹ̀, a sì máa pè é ní ibà. Ṣùgbọ́n ibà kì í sábà mú gbogbo ilé ní òwúrọ̀ kan náà, kí ó sì rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jáde síta. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ gbé wọn síta kíákíá, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní ọ́síjìn. Epo pupa àti mílíìkì kò lè yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni ìdajì rẹ̀ fi ń jáde. Ọ́síjìn a máa dín in kù sí wákàtí kan tàbí díẹ̀ lé e.

Ẹ dá iná níta, kí ẹ sì gbé omi gbígbóná wọlé dípò rẹ̀. Ìgò omi gbígbóná tí a dé dáadáa, tí a sì fi aṣọ wé, a máa mú ibùsùn lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ yọ ọ́ kí ọmọdé tó dùbúlẹ̀. Ní ti ọmọ tuntun, àyà ìyá rẹ̀ ni ibi tí ó móoru jù lọ: ara sí ara, fìlà lórí, kúbùsù lórí àwọn méjèèjì, kí a má sì wẹ̀ ẹ́ títí wákàtí 24 yóò fi pé. Bí àgbàlagbà tí ó ti ń gbọ̀n bá ṣàdédé dákẹ́ gbígbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń lọ́, kì í ṣe oorun ni. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí oòrùn sì yọ, ẹ ṣí gbogbo ilé sílẹ̀. Àìsàn yírùnyírùn, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, fẹ́ràn àkókò gbígbẹ yìí àti iyàrá tí ènìyàn pọ̀ sí. Ní 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí lo abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun tí ń dènà irú rẹ̀ márùn-ún. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ìlera tí ó súnmọ́ yín.

Bí ìkòkò èédú bá sì wà nínú iyàrá yín báyìí tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ gbé e síta kí ẹ tó sùn, kódà bí eérú bá ti bò ó. Ẹ̀ṣẹ́ iná tí ó wà lábẹ́ eérú ṣì ń tú afẹ́fẹ́ náà jáde títí di òwúrọ̀.