Ṣé o mọ̀ pé fóònù lè ya ẹyẹ orí igi jíjìn?
Awò kékeré olójú kan tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn ni ọgbọ́n ibẹ̀. Gbé kámẹ́rà fóònù lé ibi tí ojú ti ń wò ó, kí o sì yà á. Laurence Poh, ọmọ Malaysia, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi kámẹ́rà ìgbàlódé ṣe bẹ́ẹ̀, ní 1999.

Bí awò bá ń sọ nǹkan di ìlọ́po 20, tí lẹ́ńsì fóònù sì dọ́gba pẹ̀lú mìlímítà 26, àwòrán yóò sún mọ́ni tó ti lẹ́ńsì mìlímítà 520. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá ara páálí tàn ọ́. Awò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 50 ń mú ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ ní mìlímítà 2 jáde ní ìlọ́po 25. Ní ìlọ́po 50, mìlímítà 1 péré ni. Àwòrán á ṣókùnkùn, á sì máa gbọ̀n. Nítorí náà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe fáàrí.

L'Ọ́fà, lékèélékèé tó ń tẹ̀ lé màlúù ni mo gbà pé ó dára jù láti fi kọ́ṣẹ́. Kì í tètè sá. Àárọ̀ ni kí o jáde, torí ooru ọ̀sán a máa mú àwòrán jó. Eruku ọyẹ́ ní tirẹ̀, kò sí awò tó lè là á kọjá.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ ọn lè gba Ìbàdàn lọ, sí igbó iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA, kó wá Malimbus ibadanensis, ìbátan ẹ̀ga tí Elgood, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ṣàpèjúwe ní 1958. Gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló ń gbé, òkè igi ló sì fẹ́ràn.