Àròkọ Aṣàlàyé: Lílo Igi Gmelina fún Ìdáná

Bí o kò tilẹ̀ mọ orúkọ igi gmelina, ó dájú pé o ti jókòó lábẹ́ rẹ̀ rí. Òun ni igi eléwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó máa ń ṣíji bo àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí ewúrẹ́ sì máa ń ṣa èso rẹ̀ jẹ bí ó bá ti pọ́n. Ilẹ̀ Íńdíà àti agbègbè rẹ̀ ni ó ti wá. Ìjọba gbìn ín lọ́pọ̀lọpọ̀ sí igbó ọba Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti ti Oluwa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí a lè máa fi ṣe bébà. Nítorí pé ó máa ń tètè dàgbà, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti sọ ọ́ di igi ìdáná.

Àwọn kan a máa sọ pé igi yìí kò dára fún ìdáná, pé èéfín lásán ni ó ń rú. Ẹjọ́ igi kọ́, ẹjọ́ omi ni. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ìdajì ìwúwo rẹ̀ lè jẹ́ omi. Bí o bá kì í bọ iná bẹ́ẹ̀, omi inú rẹ̀ ni iná yóò kọ́kọ́ máa gbẹ kí ó tó ráyè ti ìkòkò. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n gé gmelina kan lulẹ̀ nígbà òjò, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìdáná ní ọjọ́ kejì. Omi ń hó jáde ní ẹnu igi, àwọn alásè ń sunkún èéfín, ẹ̀wà kò sì jinná títí aago méjì fi kọjá. Èéfín bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ojú àti ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń bà jẹ́, ti ìyá tí ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ààrò àti ti ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn.

Nítorí náà, gé e nígbà tí òjò bá dá, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Là á wẹ́wẹ́ nígbà tí ó ṣì tutù. Má tò ó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbé e lé orí òkúta, fi páànù bo orí rẹ̀, kí o sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Bí o bá fi ọ̀rá dì í pinpin, olú ni yóò hù. Nígbà tí oṣù kẹta bá fi dé, mú méjì lù mọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá dún ko, ko, tí ẹnu wọn ti sán, tí èèpo wọn sì ń ṣí, wọ́n ti gbẹ.

Síbẹ̀, èyí tí ó gbẹ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Igi fífúyẹ́ ni. Ooru tí ó wà nínú kílò kan gmelina gbígbẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti kílò kan igi ọsàn gbígbẹ, ṣùgbọ́n ní ìdì ìdì ni a ń ta igi, a kì í fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ìdì méjèèjì lè tóbi bákan náà, kí ti gmelina má tó ti èkejì lórí iná. Obìnrin tí ó ń yan gàrí tí kò mọ èyí, èrè rẹ̀ ni yóò máa jó lábẹ́ agbada. Iná gmelina a máa tètè ràn, a máa jó fòfò, a sì máa tètè kú láìfi ẹyín iná púpọ̀ sílẹ̀. Fún omi ẹ̀kọ tàbí àmàlà, ó dára púpọ̀. Fún ẹ̀wà, ó ti o! Ohun tí èmi fara mọ́ ni kí o fi gmelina dá iná, kí o wá ki igi ọsàn tí kò so mọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tí iná bá ti múlẹ̀.

Má ṣe wọ igbó ọba lọ gé e láìgba ìwé àṣẹ. Èyí tí ó wà ní àyíká ilé rẹ, má ṣe hú kùkùté rẹ̀, nítorí yóò tún rú.