Màmá Ẹni Ọdún 81 Ṣe Eré Sínú Fóònù, Ẹnu Ya Aráyé!

Bí àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún bá ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ tuntun, ẹ̀rín ni àwọn aládùúgbò á kọ́kọ́ fi ṣe. Bó bá wá jẹ́ pé iṣẹ́ inú fóònù ni màmá ní òun fẹ́ kọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ lè sọ pé ọjọ́ ogbó ti ń da màmá láàmú. Ṣùgbọ́n Masako Wakamiya, obìnrin ilẹ̀ Japan, ti pa gbogbo ẹlẹ́rìn-ín lẹ́nu mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 81, màmá yìí gbé eré kan jáde tí wọ́n ń fi fóònù ṣe. Kì í ṣe pé ó rà á o. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é!

Ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó kan ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ó kan ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ó sì kan ọmọ yín tó ń tẹ fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

OṢÙ MẸ́TA NÍDÌÍ KỌ̀ǸPÚTÀ KAN

Oṣù kẹrin ọdún 1935 ni wọ́n bí màmá náà. Ìwé girama ló kà tó fi wọ iṣẹ́ báńkì, kò lọ sí yunifásítì. Ọdún 43 ló lò lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún. Nígbà tó débẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ka owó, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n tò sára igi ni wọ́n sì fi ń ṣe ìṣirò. Ọwọ́ Wakamiya kò yá nídìí owó kíkà, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ìgbà tí ẹ̀rọ dé ni ara tó tù ú, nítorí ẹ̀rọ kì í wo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ó ra kọ̀ǹpútà. Ìdí tó fi rà á kò jìnnà. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, òun ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Bó bá ti jókòó ti arúgbó tọ̀sán tòru, ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀? Ó gbọ́ pé èèyàn lè gba inú kọ̀ǹpútà bá ọ̀rẹ́ tàkúrọ̀sọ láìjáde nílé, ló bá náwó sí i. Ṣùgbọ́n títò tó fẹ́ tò ó kó lè ṣiṣẹ́, oṣù mẹ́ta gbáko ló gbà á! Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ì bá ti gbé e padà fún ẹni tó tà á. Màmá kò gbé e padà.

Nígbà tó yá, òun náà di olùkọ́ àwọn arúgbó ẹgbẹ́ rẹ̀. Excel wà nínú kọ̀ǹpútà, òun ni àwọn akọ̀wé fi ń ṣe ìṣirò owó, ó sì máa ń sú àwọn àgbà láti kọ́. Kí ni màmá ṣe? Ó rí i pé inú Excel kún fún àwọn àpótí kéékèèké tó tò bí ojú àwọ̀n, ló bá ń kun wọn ní oríṣiríṣi àwọ̀ títí wọ́n fi di bátànì tó rẹwà. Wọ́n ń tẹ irú bátànì bẹ́ẹ̀ sára aṣọ àti àpò. Ẹ̀yin aláàdìrẹ, ẹ gbọ́ bí èèyàn ṣe sọ ìwé ìṣirò di aṣọ!

Ọ̀RỌ̀ KAN TÍ ỌMỌKÙNRIN KAN SỌ

Ohun tó gbé màmá dé ìdí iṣẹ́ fóònù ni pé inú ń bí i. Gbogbo eré tó wà lórí fóònù, àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún. Ó ń sáré, ó ń fò, kí àgbàlagbà tó mọ ibi tó máa tẹ̀, wọ́n ti ní ó ti kú nínú eré! Màmá bá lọ bá ọmọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ náà, ó ní kó bá òun ṣe eré tí àwọn àgbà náà lè jẹ. Èsì tí ọmọkùnrin náà fún un ni pé kí ló dé tí màmá ò ṣe é fúnra rẹ̀?

Ẹlòmíì á bínú, á ní ọmọ yìí ò mọ àgbà. Wakamiya kò bínú. Ó ní ó dáa, kó wá kọ́ òun. Ọmọkùnrin náà kò gbé nítòsí, torí náà orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń kọ́ màmá. Wọ́n á máa rí ojú ara wọn nínú kọ̀ǹpútà. Ibi tó bá ti há màmá lọ́rùn, á béèrè. Lóṣù mélòó kan, eré náà jáde. Hinadan ló pe orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni wọ́n máa ń ṣe ọdún àwọn ọmọbìnrin ní Japan. Bí ọjọ́ náà bá ń bọ̀, ìdílé á to àwọn ọmọláńgidi sórí àtẹ̀gùn kékeré tí wọ́n tẹ́ aṣọ pupa lé. Ọba àti olorì ló máa ń wà lókè pátápátá, àwọn obìnrin ààfin mẹ́ta tẹ̀ lé wọn, onílù àti olórin márùn-ún wà nísàlẹ̀ wọn, àwọn ìjòyè méjì sì tún tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà mọ ètò yìí dunjú, ọ̀pọ̀ ọmọdé kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí eré màmá dá lé nìyẹn. Ọmọláńgidi 12 ni èèyàn máa tò sórí àtẹ̀gùn mẹ́rin, kí oníkálùkù jókòó sí àyè rẹ̀. Bó o bá gbà á, ìlù kékeré ilẹ̀ wọn á dún. Kò sí aago tó ń lé èèyàn. Màmá sì mọ̀ pé ìka arúgbó máa ń gbẹ, kì í rọrùn fún un láti máa fà á lórí gíláàsì fóònù, torí náà títẹ̀ nìkan ni eré yìí gbà.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀rọ kò rò, arúgbó ló rò ó, torí ọwọ́ tirẹ̀ ló ń gbẹ!

Ìròyìn náà tàn kálẹ̀ ayé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé iṣẹ́ Apple tó ń ṣe iPhone pè é wá sí ìpàdé ńlá wọn ní ìlú San Jose ní Amẹ́ríkà. Tim Cook, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn, bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ọmọ tó kéré jù níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 10 láti Australia, màmá ẹni ọdún 82 yìí ló sì dàgbà jù. Ní ọdún 2018, ó tún sọ̀rọ̀ nílé àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ní New York, pé kí wọ́n má fi àwọn àgbà sẹ́yìn nídìí ẹ̀rọ.

BÁWO LẸNI TÍ KÒ MỌ NǸKAN ṢE Ń BẸ̀RẸ̀?

Gbogbo ohun tí ẹ ń tẹ̀ lórí fóònù, ìbáà ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣírò owó tàbí èyí tẹ́ ẹ fi ń fi owó ránṣẹ́, áàpù ni wọ́n ń pè é. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, àṣẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Fóònù kò gbọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an gẹ́lẹ́ ló ń jẹ́. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ náà ló lè ṣe áàpù.

Kò sí ọ̀gá télọ̀ tó máa gbé aṣọ ìyàwó fún ọmọṣẹ́ tó dé lánàá pé kó gé e. Okùn ló máa kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sójú abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni á máa rán bọ́tìnnì, á máa ṣẹ́ etí aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ áàpù rí. Ohun kékeré kan lójúmọ́ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń kọ́ni. Ní ọdún 2016, Alexander Kallaway dá àdéhùn kan sílẹ̀ tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ti tẹ̀ lé láti ìgbà náà: wákàtí kan lójúmọ́, fún 100 ọjọ́, kí èèyàn sì máa sọ fáwọn ẹlòmíì ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ ṣe lè rí. Ọ̀fẹ́ ni MIT App Inventor lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé ìwé gíga MIT ní Amẹ́ríkà ló ni ín. Níbẹ̀, èèyàn kì í kọ àṣẹ lọ́rọ̀ gígùn, ṣe ló máa ń so wọ́n pọ̀ bí ìgbà tí ọmọdé ń to pákó ìṣeré.

Ọjọ́ kìíní: àwòrán ológbò kan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́, á ké bí ológbò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é ti mọ̀ pé òun lè pàṣẹ fún fóònù kó sì gbọ́.

Ọjọ́ kejì: bọ́tìnnì tó ń kànyè. Bí alákàrà bá ti ta ẹyọ kan, á tẹ̀ ẹ́, iye á sì gun orí ara. Níbí ni ọmọṣẹ́ ti máa kọ́ pé fóònù nílò igbá tó máa kó iye sí, kó má baà gbàgbé.

Ọjọ́ kẹta: ìṣirò ṣéńjì. Ọjà jẹ́ náírà 3,650, oníbàárà mú náírà 5,000 wá, ṣéńjì jẹ́ 1,350. Ó dáa. Tí oníbàárà bá mú 3,000 péré wá ńkọ́? Fóònù tí wọn ò kọ́ á ṣáà máa yọ ọ́ lọ ni, á gbé iye tó ti bọ́ sábẹ́ òdo jáde! Ọmọṣẹ́ á wá kọ́ àṣẹ tuntun: bí owó bá dín sí iye ọjà, kọ ọ́ síta pé owó kò pé.

Ọjọ́ kẹrin: ti àwọn télọ̀. Íǹṣì 1 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Kọ íǹṣì 36 síbẹ̀, fóònù á dá ọ lóhùn pé 91.44.

Ọjọ́ karùn-ún: ìwé alájọ. Kọ orúkọ àwọn tó ń dájọ, kọ iye tí wọ́n san. Ó ń ṣiṣẹ́, inú ọmọṣẹ́ ń dùn. Ó pa áàpù náà dé, ó tún un ṣí, gbogbo orúkọ ti pòórá! Yéè! Ọjọ́ náà ni á mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí fóònù rántí nǹkan fún ìṣẹ́jú kan, ọ̀tọ̀ ni kó fi pamọ́ di ọ̀la. Ẹni tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí kò ní í gbàgbé rẹ̀ láé. Àṣìṣe ni ọ̀gá ibi iṣẹ́ yìí.

Bí 100 ọjọ́ bá fi pé, ohun kéékèèké wọ̀nyí á ti di ọ̀kan ńlá.

Ẹ má sì rò pé Japan àti Amẹ́ríkà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn ọmọbìnrin márùn-ún láti ilé ìwé girama Regina Pacis ní Onitsha lọ sí San Francisco, wọ́n sì gba ipò kìíní láàárín àwọn ọmọdé nínú ìdíje Technovation. Áàpù tó ń dá ayédèrú oògùn mọ̀ ni wọ́n ṣe. Ìṣòro tó wà ládùúgbò wọn ni wọ́n mú, gẹ́gẹ́ bí màmá Japan ṣe mú tirẹ̀.

Ẹ MÁ JẸ́ KÍ WỌ́N LÙ YÍN NÍ JÌBÌTÌ

Òótọ́ ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ farasin. Ọ̀fẹ́ ni Hinadan, kì í ṣe eré ọ̀hún ló sọ màmá di olówó. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé lọ́sẹ̀ méjì ọmọ yín á máa kó dọ́là, ẹ sá fún un. Iṣẹ́ yìí gba àkókò, ó gba iná, ó gba dátà, kọ̀ǹpútà sì ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó bá fẹ́ kó áàpù rẹ̀ sọ́jà Google, dọ́là 25 ni á san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti Apple, dọ́là 99 ni lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n kíkọ́ ọ fúnra rẹ̀, èèyàn lè fi ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìbẹ̀rù àwọn òbí náà kì í ṣe kékeré. Ìyá á lọ sọ́jà ní àárọ̀, á bá ọmọ nídìí fóònù nígbà tó bá dé lálẹ́, kò sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ ló ń kọ́ ni, bóyá eré ló ń ṣe, tàbí bóyá iṣẹ́ àwọn gbájú-ẹ̀ ló ti wọ̀. Àbùjá rẹ̀ rọrùn o. Ẹ má pariwo lé e lórí, ẹ má gba fóònù. Ẹ kàn bi í ní gbogbo alẹ́ pé: kí lo ṣe lónìí? Fi hàn mí.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ á ní nǹkan láti fi hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ ológbò tó ń ké ni. Bó bá sì wá dá yín lóhùn bí ọmọkùnrin Japan yẹn, pé kí ló dé tí màmá náà ò gbìyànjú rẹ̀ wò, ẹ má bínú o. Ẹ fa àga súnmọ́ ọn, kẹ́ ẹ ní kó kọ́ yín.