Ìwé wo ni a lè kà ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí?

Òjò ti dáwọ́ dúró. Àgbàdo ti wọ àká. Kí iṣẹ́ ṣíṣe epo pupa tó gba gbogbo ọwọ́, àyè díẹ̀ wà ní ìrọ̀lẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí ìwé.

Àyè yìí ṣe pàtàkì. Ìwé mímọ̀ dà bí ọ̀nà oko: bí ẹsẹ̀ kò bá tọ̀ ọ́, koríko yóò bò ó. Ẹni tí ó kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, tí kò sì rí nǹkan kà lẹ́yìn náà, yóò máa gbàgbé díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, yóò tún máa pe ọmọ aládùúgbò kí ó wá ka ìwé oògùn fún òun, tàbí ìwé gbèsè, tàbí ìwé ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ àṣírí ilé rẹ̀ yóò tún bọ́ sí ẹnu ẹlòmíràn. Nítorí èyí ni kò fi yẹ kí ẹ̀ẹ̀rùn yìí kọjá lásán.

Ìwé Yorùbá kò jìnnà sí wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè pé: "Ibo ni ìwé Yorùbá wà? Ìwé èdè Faransé ni ó kún ilé ìkàwé." Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ìwé Yorùbá pọ̀, kò sì jìnnà. Bí a bá ti kúrò ní Ìgólò, tí a rékọjá ẹnubodè sí Ìdí-Ìrókò, a ti dé ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní èdè wa fún ohun tí ó lé ní àádọ́jọ ọdún. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, owó ẹyọ 120 ni wọ́n sì ń tà á.

Ní ọdún 1889, ìjọba Faransé àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ sí àdéhùn kan, wọ́n sì fa ààlà sí àárín àwọn tí wọ́n ń sọ èdè kan náà. Ọ̀nà tí a ń gbà kọ èdè náà sílẹ̀ pẹ̀lú di méjì. Ti Nàìjíríà, ìpàdé tí ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ti Benin, ọdún 1975 ni a ṣètò rẹ̀, nígbà tí a ṣe álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni ó wà láàárín méjèèjì.

Ìyàtọ̀ náà kò ju mẹ́rin lọ

Ẹni tí ó kọ́ ìwé ní kíláàsì wa lè ṣí ìwé Nàìjíríà, kí ó rí àwọn àmì kan lábẹ́ lẹ́tà, kí ó sì pa ìwé náà dé. Kí ó má ṣe pa á dé. Ìyàtọ̀ tí ó ṣe kókó kò ju mẹ́rin lọ:

ɛ ti wa ni ẹ tiwọn: ɛja, ẹja.
ɔ ti wa ni ọ tiwọn: ɔjà, ọjà.
sh ti wa ni ṣ tiwọn: ishu, iṣu.
kp ti wa ni p tiwọn: ekpo, epo.

Ẹ wo igi tí ó kún ilẹ̀ wa, tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ní Pobè láti ọdún 1922. Ní kíláàsì, ɔ̀kpɛ ni a ń kọ. Nínú ìwé Nàìjíríà, ọ̀pẹ ni wọ́n ń kọ. Igi kan náà ni, epo kan náà ni ó ń fún wa.

Àpilẹ̀kọ tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí, ọ̀nà ti Nàìjíríà ni a fi kọ ọ́. Bí ẹ bá ti kà á dé ibí, ọ̀nà kejì ti ṣí fún yín nìyẹn.

Àwọn ìwé tí a yàn

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó rọrùn. Aláwìíyé ni ìwé tí J. F. Ọdúnjọ kọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Kí àgbàlagbà má ṣe tijú láti kà á. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ìtàn àti ewì wà nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ pàápàá sì fi hàn pé ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé ẹni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ohun tí etí yín ti mọ̀. Onígbàgbọ́ lè ṣí Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Mùsùlùmí lè ṣí ìtumọ̀ Kùránì ní èdè Yorùbá. Ẹni tí ó mọ orí kan ní àmọ̀sórí, tí ó wá ń fi ojú tọ̀ ọ́ nínú ìwé, kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ yóò fi mọ ohun tí etí rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́.

Ìwé kẹta ni eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí ó jáde ní ọdún 1970. Ìyálóde Ìbàdàn ni Ẹfúnṣetán ní ayé àtijọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ àti alágbára ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí kú nígbà tí ó ń rọbí. Nínú eré náà, ìbànújẹ́ yìí sọ ọ́ di òǹrorò sí àwọn ẹrú rẹ̀. Eré dára fún ẹni tí kò tíì pẹ́ tí ó mọ ìwé, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ènìyàn púpọ̀ sì lè pín in kà. Ẹ tún lè jiyàn lé e lórí: ṣé ìbànújẹ́ tó láti sọ ènìyàn di ìkà?

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti olè, kí ó wá Àjà Ló Lẹrù, ìwé Oládẹ̀jọ Òkédìjí, tí ó jáde ní ọdún 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni ó ń lépa àwọn ọ̀daràn nínú rẹ̀.

Ẹ fi D. O. Fágúnwà ṣe ìkẹyìn. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, nítorí náà ó dára kí ẹnìkan tí ó já fáfá máa kà á sókè kí àwọn yòókù máa gbọ́. Ẹ kíyè sí bí ó ti bẹ̀rẹ̀: bàbá àgbàlagbà kan wá bá ẹni tí ó mọ ìwé, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó mú kálámù kí ó kọ ìtàn ayé òun sílẹ̀, kí ó má baà parun.

Ohun tí a lè ṣe ní ilé ìkàwé

Ní ọdún 1994, UNESCO kéde pé ti gbogbo ènìyàn ni ilé ìkàwé gbogbogbò, láìwo ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, èdè tàbí ipò ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ wọ inú èyí tí ó bá súnmọ́ yín pẹ̀lú ìgboyà. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i. Ẹ béèrè ohun tí a ń ṣe kí a tó yá ìwé lọ sílé. Ẹ béèrè ìwé Yorùbá. Bí kò bá sí, kí ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́wàá kọ orúkọ ìwé tí wọ́n ń fẹ́ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ kan, kí wọ́n fi ọwọ́ sí i, kí wọ́n sì gbé e fún alábòójútó ilé ìkàwé tàbí fún kọmúùnù. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, ta ni yóò fi owó rà á?

Ẹ má ṣe máa dá nìkan kàwé. Ẹ yan ìrọ̀lẹ́ kan láàárín ọjọ́ ọjà méjì. Kí ẹni kan ka ojú ewé kan sókè, kí ẹlòmíràn gbà á. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣe àjèjì, ẹ fi ìlà sí i lábẹ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ bi àgbà tàbí olùkọ́.

Ní alẹ́, tí ó jẹ́ àkókò àlọ́ ní àṣà wa, ẹ pe bàbá tàbí ìyá kan tí ó mọ àlọ́ dáadáa. Kí àwọn mẹ́ta máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti ń pa á, kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ wọn wé ara wọn, kí wọ́n tún un kọ, kí wọ́n sì fi í pa mọ́ sí ilé ìkàwé. Ọ̀rọ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí àti ti àwọn ará Sakété wà tí ẹ kò lè rí nínú ìwé Èkó tàbí ti Ìbàdàn. Bí a kò bá kọ wọ́n, ta ni yóò bá wa kọ wọ́n? Ẹ̀yin náà ti wà ní ipò ẹni tí bàbá inú ìwé Fágúnwà wá bá.

Ọjọ́ kan wà tí ó yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ 21 oṣù kejì ni Ọjọ́ Èdè Abínibí ní gbogbo ayé. Ní ọjọ́ yẹn ní ọdún 1952, ní ìlú Dhaka, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kú nítorí pé wọ́n ń jà fún ẹ̀tọ́ èdè wọn. Ní ọjọ́ náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde síta, kí wọ́n ka ojú ewé kan sí etí ará ìlú.

Ìwé kan péré ni a ń béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí òjò oṣù kẹta tó dé, kí oko tó tún pè wá, ẹ kà á tán.