Ojú Ẹ̀rọ Nínú Ilé Kọfí

Àwọn àgbà a máa wí pé, ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Ṣùgbọ́n ní àkókò yìí, ẹ̀rọ ni àwọn onílé kọfí kan fi ń ṣọ́ òṣìṣẹ́ wọn. Kámẹ́rà wà lókè. Kọ̀ǹpútà ń wo àwòrán rẹ̀, ó ń ka iye ife tí olúkúlùkù pò, ó sì ń wọn ìṣẹ́jú tí oníbàárà fi dúró.

A kò wí pé kí ọlọ́jà má ṣọ́ ọjà rẹ̀; ìmẹ́lẹ́ kò yẹ ẹni tí à ń san owó fún. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ìṣẹ́jú tí òṣìṣẹ́ fi ran arúgbó lọ́wọ́ láti jókòó, tàbí èyí tí ó fi fọ ìkòkò níbi tí kámẹ́rà kò dé? Lójú ẹ̀rọ, òfò ni.

Ní 2024, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù Fẹ́búárì, 2025, ó ti di èèwọ̀ níbẹ̀ láti fi ẹ̀rọ wádìí bóyá inú òṣìṣẹ́ dùn tàbí ó bàjẹ́, bí kò ṣe nítorí ìlera tàbí ààbò.

Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ẹ̀rọ bá ka ife tán, ẹ kọ́kọ́ bi òṣìṣẹ́ yín léèrè ohun tí ẹ̀rọ kò rí, kí ẹ tó dá a lẹ́bi.