Bátìrì Kejì Nínú Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìkejà lọ sí Agége ní òru yóò rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà bí màlúù ní gáà. Kì í ṣe pé àwọn ọkọ̀ náà ti bàjẹ́. Ẹrù ni wọ́n ń dúró dè. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ìkejà, ni àdúgbò yìí ti di ibùdó àwọn tí ń ṣe ọjà lóríṣiríṣi. Ilé-iṣẹ́ ọtí Guinness dé ibẹ̀ ní ọdún 1962. Ilé-iṣẹ́ táyà Dunlop tẹ̀lé e ní ọdún 1963, ó sì ń ṣe táyà níbẹ̀ títí di ọdún 2008. Ohun tí irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣe, ọkọ̀ ni yóò gbé e lọ sí Ìbàdàn, Ìlọrin, Kánò àti Oníṣà. Awakọ̀ tí kò bá tètè rí ẹrù gbà, kò sí ohun tí yóò ṣe ju kí ó sun ibẹ̀ lọ.

Awakọ̀ a máa sùn sí iwájú ọkọ̀. Ọmọ ọkọ̀ ní tirẹ̀ a gun ẹ̀yìn, a tẹ́ ẹní sórí pákó níbi tí ẹrù ìbá wà. Ooru a mú wọn, ẹ̀fọn a sì máa kọrin sí wọn létí. Wọ́n nílò ìmọ́lẹ̀ láti fi ṣọ́ ohun ìní wọn. Wọ́n sì nílò iná fún fóònù, nítorí ẹni tí ó ni ẹrù lè pè wọ́n nígbàkúgbà. Kì í ṣe ọ̀ràn afẹ́ rárá. Awakọ̀ tí kò bá rí oorun sùn lórí ẹní yóò sùn nídìí ọkọ̀, ẹ̀mí àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì lè bá a lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe ni pé wọ́n a so fáànù àti gílóòbù mọ́ bátìrì tí ń ṣíná ọkọ̀. Wọn a sùn fọnfọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ó sì kan ọkọ̀ náà láti wọlé gba ẹrù, awakọ̀ yóò yí kọ́kọ́rọ́, yóò gbọ́ “kẹ́, kẹ́,” ẹ́ńjìnnì kò sì ní dáhùn. Àwọn ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò ré e kọjá. Yóò wá ríwáyà lọ, tàbí kí ó bẹ awakọ̀ mìíràn kí ó fi bátìrì tirẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ìtura òru kan ti di àdánù ọjọ́ kan.

Kí ni ó fa èyí? Ní ọdún 1859 ni Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì tí ó wà nínú ọkọ̀ títí di òní. Òjé àti ásíìdì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bátìrì oní-12 fólítì ní yàrá mẹ́fà nínú, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń pèsè nǹkan bíi fólítì méjì. Àwọn àwo òjé tí ó wà nínú bátìrì ìṣíná fẹ́lẹ́, wọ́n sì pọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti tú agbára ńlá jáde ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ́ńjìnnì dá iná náà padà fún wọn. Wọ́n dà bí alágbára tí ó lè gbé àpò ìrẹsì sórí lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n tí kò lè rù ú láti Agége dé Abẹ́òkúta. Bí a bá ń fa iná díẹ̀díẹ̀ lára irú bátìrì bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kì í ṣe pé yóò kọ̀ láti ṣíná nìkan. Ohun funfun kan yóò lẹ̀ mọ́ àwọn àwo náà, bí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀, kò ní fẹ́ kúrò mọ́. Bátìrì náà yóò kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Oníṣòwò tí ó gbọ́n kì í jẹ owó ọjà; èrè ni ó ń jẹ. Bátìrì ìṣíná ni owó ọjà awakọ̀. Nítorí náà, ẹni tí yóò máa sùn nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní bátìrì kejì, èyí tí àwọn àwo òjé rẹ̀ nípọn, tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ pẹ́pẹ́. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ irú èyí ni, kò yẹ kí a lò ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ kí a tó tún fún un ní iná.

Báwo ni bátìrì náà yóò ti tóbi tó? Ìṣirò ni yóò sọ. Bí a bá fi fólítì pín wáàtì, áńpíà ni a ó rí. Fáànù oní-24 wáàtì lórí bátìrì oní-12 fólítì yóò fa áńpíà 2. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 9, yóò jẹ áńpíà-wákàtí 18. Gílóòbù oní-6 wáàtì yóò jẹ 2 ní wákàtí 4. Bí fóònù méjì bá jẹ 4, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ìdajì ni a lè lò, bátìrì náà kò gbọdọ̀ kéré sí 48. Ẹni tí ó bá ra oní-60 tàbí oní-75 yóò ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Nínú ọkọ̀ kékeré tí ń lo 12 fólítì, a ó fi rílè sí àárín bátìrì méjèèjì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, rílè yóò so wọ́n pọ̀ kí àwọn méjèèjì lè gba iná. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, yóò yà wọ́n nípá. Ọkọ̀ ńlá yàtọ̀. Bátìrì oní-12 méjì ni wọ́n so pọ̀ nínú rẹ̀ kí ó lè di 24. Àwọn kan a máa fa wáyà fáànù láti ara ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Èyí kò dára rárá, nítorí ọ̀kan yóò rẹ̀ nígbà tí èkejì ṣì kún; nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń fún wọn ní iná, ọ̀kan yóò gbà á ní àgbàjù, èkejì kò ní yó, àwọn méjèèjì yóò sì bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí ń sọ 24 di 12 ni a gbọ́dọ̀ fi sí àárín ti ọkọ̀ àti ti oorun.

Àwọn mìíràn ń lo agbára oòrùn. Páńẹ́lì oní-100 wáàtì tí a fi sórí ọkọ̀ lè mú nǹkan bí áńpíà 5 wá nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín. Wákàtí márùn-ún irú oòrùn bẹ́ẹ̀ lè dá ohun tí a lò ní òru padà, ṣùgbọ́n ní ìgbà òjò, kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí orí bátìrì gan-an, kì í ṣe nítòsí fáànù. Bí wáyà bá họ sára irin ọkọ̀ láàárín ọ̀nà, fíúsì yóò já kí iná tó ràn. Bátìrì tí ń gba iná a máa tú afẹ́fẹ́ háídrójìn jáde, èyí tí ó lè bú gbàù bí iná bá kàn án. Nítorí náà, ìta ni kí ó wà, nínú àpótí tí atẹ́gùn ń wọ̀, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ẹni. Èyí tí ó burú jù ni kí ènìyàn sùn ti jẹnẹrétọ̀ tí ń ṣiṣẹ́, tàbí kí ó ti ara rẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ tí kò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Èéfín wọn ní májèlé kan tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Ẹni tí ó bá fà á sínú lójú oorun lè má jí mọ́.

Nítorí náà, kí awakọ̀ má ṣe ka owó bátìrì kejì sí ìnákúnàá. Ó ń fi í ra oorun fún ara rẹ̀ àti fún ọmọ ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, ọkọ̀ yóò jẹ́ ìpè rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì là kedere lójú ọ̀nà.