Géèmù Tí O Kò Lè Dá Ta

  

Lónìí, géèmù indie la ó sọ̀rọ̀ lé lórí: àwọn géèmù tí ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kékeré ṣe, láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń pàṣẹ fún wọn. Nínú wọn, àwọn tí èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni mo fẹ́ràn jù, ìyẹn co-op. Mo sì ní ìdí.

Àbúrò mi obìnrin wà ní Manchester. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ojoojúmọ́ la ń pe ara wa. Nígbà tó yá, ó di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́." "O ṣeun. Ilé-ìwé ńkọ́?" "Ó ń lọ." Ọ̀rọ̀ tán. A kò jà o. Ohun tí a fẹ́ bá ara wa sọ ni kò sí mọ́.

Ìgbà náà ni mo ra Keep Talking and Nobody Explodes, tí Steel Crate Games ní Canada gbé jáde ní 2015. Bọ́ǹbù kan wà lójú fóònù mi, àkókò sì ń tán lọ lára aago rẹ̀. Mo ń rí wáyà, bọ́tìnì àti àmì, ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Àbúrò mi kò rí bọ́ǹbù náà rárá. Ìwé ìtọ́sọ́nà ló wà lọ́wọ́ tiẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìwé yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹnì kan péré ló máa ra géèmù. Èmi á ṣàlàyé ohun tí mo rí, òun á wá ìdáhùn. Bí àpẹẹrẹ, tí wáyà bá jẹ́ mẹ́ta, tí kò sí pupa nínú wọn, èkejì la ó gé. Tí o bá ṣì í gé, aago á túbọ̀ máa sáré.

Ibi tó dùn jù ni àwọn àmì kan tí àwa méjèèjì kò mọ orúkọ wọn. Àwa fúnra wa la sọ wọ́n lórúkọ: "fọ́ọ̀kì", "N tó dé fìlà", "ejò tó ń jó". Nígbà tí aago bá sì ku ìṣẹ́jú àáyá 10, "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́" á pòórá. "Gé e! Mo ní gé e!" Èmi náà á yára gé e.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbí nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù co-op, ẹnì kejì kàn ń fi kún ọwọ́ tó ń yìnbọn ni. Tó bá lọ sùn, ìwọ á máa bá tìẹ lọ. Ṣùgbọ́n nínú èyí tó dára gan-an, ohun tí mo mọ̀, ìwọ kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí o rí, èmi kò rí i. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Tí a kò bá sọ̀rọ̀, a ti kú nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣe indie mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, torí pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í náni lówó bí àwòrán rèǹtẹ̀-rente. Ẹ wo Spaceteam, tí Henry Smith gbé jáde ní 2012. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á wà lórí Wi-Fi kan náà, ẹni kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Àṣẹ á jáde lójú fóònù mi, ṣùgbọ́n bọ́tìnì rẹ̀ lè wà lójú tìrẹ, àfi kí n pariwo. Overcooked náà ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ghost Town Games, ló ṣe é ní 2016. Ilé ìdáná lè pín sí méjì lójijì: aláta wà lọ́hùn-ún, ìkòkò wà níbí.

Ọ̀rẹ́ mi kan kò gbà. Ó ní Stardew Valley ló dára jù, nítorí pé kò sí ariwo níbẹ̀. Mo fẹ́ràn géèmù yẹn o. Eric Barone nìkan ló ṣe é, ó lò ju ọdún mẹ́rin lọ kó tó jáde ní 2016, wọ́n sì wá fi co-op kún un ní 2018. Ṣùgbọ́n èmi lè máa bomi rin oko níbí, kí ìwọ máa pẹja lọ́hùn-ún, kí ilẹ̀ ṣú láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀. Fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan náà, ìyẹn dára. Fún ẹni tó wà lókè òkun, ìdákẹ́jẹ́ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, bọ́ǹbù bú mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. A rẹ́rìn-ín títí. A kò tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, a kò sì pa fóònù. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti sọ fún mi pé iṣẹ́ tó fi ń san owó ilé ti bọ́ lọ́wọ́ òun láti oṣù kan sẹ́yìn. Oṣù kan! Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti pe ara wa láàárín oṣù yẹn, ó sì ń sọ pé, "Ó ń lọ."

N kò sọ pé géèmù ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àwa la jọ yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan kó tó lè sọ ọ́.

Tí ẹ bá ní ẹnì kan tí ìpè yín ti di "báwo ni, dáadáa ni", ẹ fi ìwé ìtọ́sọ́nà yẹn ránṣẹ́ sí i lálẹ́ òní. Kẹ́ ẹ wá sọ fún wa iye bọ́ǹbù tó bú. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.